Charlie Brown, The Snowman àti Bàbá Kérésì oníkanra: fíìmù ọdún tí ò parọ́

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ibi tí mò ń lọ kẹ́ ẹ tó bá mi rìn jìnnà. Tó bá jẹ́ fíìmù Kérésì kan ṣoṣo lẹ máa rà sílé lọ́dún yìí, A Charlie Brown Christmas ni kẹ́ ẹ wá, kò ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ, ó sì ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ nínú wa lọ torí ọdún 1965 ni wọ́n ṣe é. Tí owó bá ṣẹ́kù, ẹ fi ìwé Father Christmas kún un, ti Bàbá Kérésì oníkanra, tí Raymond Briggs, ayàwòrán ìwé ọmọdé nílùú ọba, ṣe. Ti The Snowman, fíìmù tí wọ́n fi ìwé Briggs míì ṣe, ẹ ò nílò kẹ́ ẹ ra ìyẹn tó bá jẹ́ pé ìlú ọba níbí lẹ wà, Channel 4 máa ń gbé e jáde fún wa nígbà Kérésì. Gbogbo àwọn tó kù tí wọ́n ń rọ́ dà sí wa lórí látìgbà tí November bá ti wọlé, tí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ olówó ńlá nílùú ńlá á padà sí ìlú kékeré tí wọ́n ti bí i, tí á lọ pàdé ọkùnrin kan tó ń gé igi Kérésì tà, tí wọ́n á wá fẹnu konu lábẹ́ yìnyín, èmi ò bá wọn jà o, ìyàwó mi fẹ́ràn wọn, mo sì máa ń jókòó tì í wò ó, àmọ́ tó bá fi máa di January mi ò lè dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí ìkejì ẹ̀ mọ́.

Ohun tí mẹ́ta tí mo dárúkọ yìí fi jọra ni pé orí bébà ni gbogbo wọn ti wá. Ẹnì kan ló jókòó, ló fi pẹ́ńsù tàbí bírọ́ọ̀ṣì ya wọ́n nínú àwọn àpótí kéékèèké kí ẹnikẹ́ni tó ronú fíìmù, ẹni yẹn sì ní ohun tó ń dùn ún lọ́kàn. Èmi rò pé ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọn ò fi parọ́ fún wa. Gbogbo wa la mọ̀ pé December máa ń wúwo, ẹlòmíì ń ro ẹni tó kú lọ́dún yẹn, ẹlòmíì ń ro owó aṣọ ọmọ, ẹlòmíì kàn ṣáà jí ni inú ẹ̀ ò dùn, kò mọ ìdí. Fíìmù ọdún tó bá ti ṣe bí ẹni pé kò sírú èèyàn bẹ́ẹ̀ ti tan mí jẹ nìyẹn, kódà kí yìnyín inú ẹ̀ máa dán bíi góòlù.

Ó yá, Charlie Brown. Charles Schulz ló ń ya á, ọmọ Minnesota ni, lápá ibi tí òtútù ti ń pààyàn ní Amẹ́ríkà, onígbàjámọ̀ ni bàbá ẹ̀. October 2, 1950 ni kátúùnù ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Peanuts kọ́kọ́ jáde, nínú ìwé ìròyìn méje péré. Orúkọ yẹn gan-an ò wù ú, ilé iṣẹ́ tó ń bá a pín in kiri fún àwọn ìwé ìròyìn ló fún un lórúkọ, ó sì ń bínú sí i títí ó fi darúgbó. Bí àádọ́ta ọdún ló fi ya á, òun nìkan, kò jẹ́ kẹ́nì kan bá òun fa ìlà kan ṣoṣo, iye tó yà lé ní 17,000. February 12, 2000 ló kú, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tí í ṣe Sọ́ńdè, èyí tó yà gbẹ̀yìn sì wà nínú ìwé ìròyìn tí àwọn èèyàn rà láàárọ̀ yẹn. Tí wọ́n bá fi ìyẹn sínú fíìmù, a máa ní àsọdùn ni.

Bí fíìmù Kérésì yẹn ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an pa mí lẹ́rìn-ín. Ní 1965, ilé iṣẹ́ ìpolówó tó ń ṣiṣẹ́ fún Coca-Cola pe ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣe fíìmù, Lee Mendelson, wọ́n bi í bóyá òun àti Schulz ní ètò Kérésì kankan tí wọ́n lè gbé owó lé lórí tẹlifíṣọ̀n. Kò ní nǹkan kan nílẹ̀. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, àwọn ní. Ìgbà tó gbé fóònù yẹn sílẹ̀ tán ló wá pe Schulz pé òun ti ta fíìmù kan o, ó di dandan káwọn kọ ọ́ kíákíá. Bí oṣù mẹ́fà ni wọ́n ní láti fi ṣe gbogbo ẹ̀. Bill Melendez, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò tó ti bá Disney ṣiṣẹ́ rí, ló darí yíyà ẹ̀, òun náà ló tún fi ohùn ara ẹ̀ ṣe ohùn Snoopy, ajá tí ò sọ̀rọ̀ rí láyé ẹ̀.

Ìtàn ẹ̀ wá ńkọ́? Mo lè sọ gbogbo ẹ̀ fún yín láìbà á jẹ́ torí kò sí nǹkan tó ṣeé bà jẹ́ níbẹ̀. Charlie Brown àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ Linus dúró ti ògiri kan nínú yìnyín, ó wá ń sọ fún un pé ó dà bíi pé nǹkan kan ń ṣe òun, pé Kérésì ń bọ̀ àmọ́ inú òun ò dùn, inú òun ò dùn bó ṣe yẹ kó dùn. Ọ̀rọ̀ tí fíìmù ọmọdé fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o! Ó lọ wo àpótí lẹ́tà ẹ̀, kò sẹ́ni tó fi káàdì kankan ránṣẹ́ sí i. Ó gba ọ̀dọ̀ Lucy lọ, ọmọbìnrin kan tó pàtẹ bíi dókítà ọpọlọ lójú ọ̀nà, tó ń gba sẹ́ńtì márùn-ún lọ́wọ́ èèyàn, Lucy gbọ́ tí owó dún nínú agolo, inú ẹ̀ ti dùn, ìgbà tó yá ó jẹ́wọ́ pé òun náà kì í rí ohun tóun fẹ́ gbà nígbà Kérésì, ilẹ̀ àti ilé lòun ń fẹ́. Àbúrò Charlie Brown, Sally, ní kí ẹ̀gbọ́n òun bá òun kọ lẹ́tà sí Bàbá Kérésì, ohun tó ń béèrè gùn jàn-ànrànjan, ó wá ní tó bá ti le jù kó kàn fi owó ránṣẹ́, dọ́là mẹ́wàá-mẹ́wàá àti ogún-ogún. Kódà ajá náà ti kó iná sára ilé ẹ̀ torí pé wọ́n ń fún ilé tó bá dára jù lówó.

Nígbà tó yá wọ́n ní kí Charlie Brown wá darí eré Kérésì, kò sẹ́ni tó gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, ijó ni gbogbo wọn ń jó. (Ijó yẹn! Ẹ ti rí i níbì kan, ó dá mi lójú, gbogbo ayé ló ti gé e sórí fóònù, èyí tó ń mi orí síwájú sẹ́yìn àti èyí tó kàn gbé èjìká sókè.) Wọ́n wá rán an kó lọ ra igi Kérésì ńlá kan tó ń dán, ti alumíníọ̀mù. Ẹ má rò pé àsọdùn ni ìyẹn o, wọ́n ń ta igi alumíníọ̀mù dáadáa ní Amẹ́ríkà nígbà yẹn, ẹ ò lè so iná mọ́ ọn lára torí irin ni, ńṣe ni wọ́n máa ń gbé iná aláwọ̀ oríṣiríṣi síwájú ẹ̀ tí á máa yí. Charlie Brown dé ọjà, ó rí gbogbo ìyẹn, ó lọ mú igi tó kéré jù, tó gbẹ jù, igi gidi kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀, tí ewé ẹ̀ ń já sílẹ̀ bó ṣe ń gbé e. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ débi pé ó pariwo bi wọ́n pé ṣé kò sẹ́nì kan tó mọ ohun tí Kérésì jẹ́ ni.

Linus ló dá a lóhùn. Ó rìn lọ sáàárín ìtàgé, ó ní kí wọ́n bá òun tan iná, ó wá ka Lúùkù orí kejì, láti ẹsẹ 8 dé 14, láìsí orin kankan lábẹ́ ẹ̀, láìsí ìṣe kankan, ọmọ kan ṣáà dúró ó ń ka Bíbélì. Mendelson àti Melendez ń bẹ̀rù apá yìí, wọ́n rò pé kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń gbé sínú kátúùnù, Schulz ní tí àwọn ò bá ṣe é, ta ló máa ṣe é. Ẹ máa wo bùláńkẹ́ẹ̀tì Linus níbẹ̀, ọmọ yẹn ò jẹ́ kí bùláńkẹ́ẹ̀tì yẹn kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ rí, tọ̀sán tòru, àmọ́ ibi tí áńgẹ́lì ti ní ẹ má bẹ̀rù, ó jù ú sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó tọ́ka sí i, kò sí orin tó dún láti sọ pé ẹ wò ó. Mo ti wo fíìmù yẹn tipẹ́ kí n tó rí i.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà kan tá a gbé e sí i. Látìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń bínú. "Àwọn òbí àwọn ọmọ yìí ńkọ́? Ta ló fi ọmọdé sílẹ̀ sínú òtútù báyìí?" Mo ní, "Mà, kò sí àgbà kankan nínú ẹ̀ ni, ẹni tó ṣe é kì í ya àgbà." Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, abájọ tí wọ́n fi ń ṣe bó ṣe wù wọ́n." (Òótọ́ ni, nínú tọdún 1965 yìí ẹ ò ní gbọ́ ohùn àgbàlagbà kankan, ìró fèrè wá-wá-wá tí wọ́n ń fi ṣe ohùn tíṣà, 1967 nìyẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.) Àmọ́ bí Linus ṣe la ẹnu, Màmá gbé e lẹ́nu ní Yorùbá, wọn ò wojú ẹnikẹ́ni, wọ́n sì yára jù ú lọ, wọ́n ti dé "ìfẹ́ inú rere sí ènìyàn" nígbà tí Linus ṣì wà lọ́dọ̀ àwọn olùṣọ́-àgùntàn. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò sọ nǹkan kan tó burú nípa fíìmù yẹn mọ́, ajá yẹn nìkan ni wọ́n ní ó ti gbádùn jù.

Ohun míì tó mú un dáa ni ohùn àwọn ọmọ yẹn. Ọmọdé gidi ló ń sọ̀rọ̀, kì í ṣe àgbà tó ń fún ohùn pọ̀. Èyí tó ṣe Sally, Kathy Steinberg, kò tíì mọ ìwé kà dáadáa, wọ́n ń sọ ọ̀rọ̀ fún un díẹ̀díẹ̀ ni, òun náà á wá sọ ọ́ tẹ̀lé wọn, tẹ́ ẹ bá tẹ́tí ẹ máa gbọ́ ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Orin ẹ̀ náà, jáàsì ni, Vince Guaraldi tó ń tẹ píánò ní San Francisco ló ṣe é, Mendelson gbọ́ orin ẹ̀ lórí rédíò nínú takisí níbi tó ti ń gba orí afárá Golden Gate kọjá, ó sì wá a kàn. Àwọn ọmọ kọ́yà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní San Rafael ló kọrin, ohùn wọn ò tò tán, ìyẹn gan-an ló dáa níbẹ̀, ó dà bíi kọ́yà àwọn ọmọ wa gẹ́lẹ́. Lọ́dún 2012, Library of Congress, ilé ìkówèésí ìjọba Amẹ́ríkà, fi àwo orin yẹn kún àwọn tí wọ́n ń tọ́jú pa mọ́ fún Amẹ́ríkà. Tẹ́ ò bá tiẹ̀ wo fíìmù náà, ẹ ra àwo orin yẹn, ẹ máa fi din dòdò ní òwúrọ̀ Kérésì.

Àwọn ọ̀gá CBS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n tó fẹ́ gbé e jáde, ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ní ó lọ́ra, wọ́n ní jáàsì ò bá Kérésì mu, wọ́n sì fẹ́ ẹ̀rín àtọwọ́dá tí wọ́n máa ń fi sábẹ́ ètò ẹ̀fẹ̀ ayé ìgbà yẹn, Schulz kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó gba fíìmù yẹn là ni pé wọ́n ti kéde ẹ̀ sílẹ̀, kò ṣeé yí padà mọ́. December 9, 1965 ni wọ́n gbé e jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo tẹlifíṣọ̀n tó wà ní títàn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ní Amẹ́ríkà tó ń wò ó. Ó gba àmì ẹ̀yẹ Emmy, ó gba ti Peabody. Ẹ̀rín àtọwọ́dá tí wọn ò fi síbẹ̀ yẹn ni mo fi ń kí Schulz lóòrè, torí àwọn ibi tó dákẹ́ nínú ẹ̀ ló ń bá mi sọ̀rọ̀ jù.

Ó ní àléébù o. Yíyà ẹ̀ ò dán mọ́rán, owó ò pọ̀, àkókò ò sí, ẹ máa rí i tí nǹkan ń fò láti ibì kan dé ibì kan, igi yẹn náà ṣàdédé ní ewé sí i nígbà tí wọ́n ṣe é lẹ́ṣọ̀ọ́ tán. Orí àwọn ọmọ yẹn tóbi, apá wọn kúrú débi pé ọwọ́ wọn ò lè kan àtàrí, lórí bébà ìyẹn ò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àmọ́ ẹ wo bí Melendez ṣe ń jìyà láti mú wọn yíjú. Èkejì, Coca-Cola ló sanwó fíìmù tó ń sọ pé ọjà títà ti ba Kérésì jẹ́! Nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde, orúkọ ilé iṣẹ́ náà wà nínú fíìmù gan-an, ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n gé e kúrò.

Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni ìparí ẹ̀. Gbogbo àwọn ọmọ tó fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn wá, wọ́n tún igi ẹ̀ ṣe, wọ́n kọ Gbọ́ ẹ̀dá ọ̀run ń kọrin fún un, ó dáa, àmọ́ kò sẹ́nì kan tó ní má bínú. Kò sí! Lucy tiẹ̀ ní olórí kunkun ni Charlie Brown, àmọ́ igi tó rà dáa. Nílé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n á kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tó kọrin kankan. Ìyàwó mi ní orin yẹn ni ẹ̀bẹ̀ náà. Mi ò gbà.

Ọmọ mi obìnrin bi mí pé Franklin dà, torí ó mọ Franklin, ọmọ aláwọ̀ dúdú inú Peanuts, láti inú ìwé. Kò sí níbẹ̀ torí wọn ò tíì dá a sílẹ̀. Ní 1968, lẹ́yìn tí wọ́n pa Martin Luther King, tíṣà kan ní Los Angeles, Harriet Glickman, kọ lẹ́tà sí Schulz pé kó fi ọmọ dúdú kún àwọn ọmọ yẹn, Schulz kọ́kọ́ ń ṣiyèméjì, kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń fojú ọ̀gá wo ẹnikẹ́ni, wọ́n kọ lẹ́tà síra wọn lọ síra wọn bọ̀, July 31, 1968 ni Franklin yọjú létí òkun. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Ó ní "so wọ́n ń retí ẹ̀ ni," mo ní ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti ibi tẹ́ ẹ ti máa rí i, Apple ló ni ẹ̀tọ́ gbígbé e jáde láti 2020, kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n ọ̀fẹ́ mọ́ bó ṣe wà fún gbogbo ọdún yẹn ní Amẹ́ríkà. Èmi ní DVD ní tèmi, mo sì fara mọ́ DVD, ẹnikẹ́ni ò lè wá gbà á lọ́wọ́ mi ní December. Mo fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ọ̀kan tí mo yọ, ti ẹ̀bẹ̀ tí wọn ò bẹ̀ ni.

Kí n tó dé ọ̀dọ̀ Briggs, ẹ jẹ́ n yà díẹ̀. Bàbá Kérésì tí a mọ̀ yìí, tó sanra, tó ní irùngbọ̀n, tó ń gbé lápá òkè ayé níbi tí yìnyín wà, ayàwòrán inú ìwé ìròyìn ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Thomas Nast, ọmọ Jámánì tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ya á sínú Harper's Weekly ní January 1863, ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, Bàbá Kérésì wọ aṣọ àsíá Amẹ́ríkà, ó ń pín ẹ̀bùn fún àwọn sójà Àríwá, ọ̀kan nínú ohun tó gbé lọ́wọ́ sì ni ère kékeré tí wọ́n fi ṣe ẹ̀dà olórí àwọn ọ̀tá, wọ́n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn! Fún bí ogún ọdún ló ń ya á kiri, ó ń sanra sí i lọ́dọọdún. Torí náà tẹ́nì kan bá sọ fún yín pé Coca-Cola ló dá a sílẹ̀, ẹ ní kó sinmi, 1931 ni Haddon Sundblom bẹ̀rẹ̀ sí ya tiwọn, iṣẹ́ ti pọ̀ nílẹ̀ kó tó dé.

Briggs wá mú bàbá yẹn, ó sọ ọ́ di òṣìṣẹ́. Father Christmas, 1973. Ìwé ọmọdé ni, àmọ́ àpótí-àpótí ló yà á bíi kátúùnù inú ìwé ìròyìn, àwọn àpótí kéékèèké tó há mọ́ra, tẹ́ ẹ bá wá ṣí i ẹ máa dédé rí ojú sánmọ̀ òru tó gba ojú ìwé. Bàbá Kérésì ń lálàá oòrùn àti etí òkun, aago dún, ó wo kàlẹ́ńdà, ó rí i pé December 24 ti dé, ó bú sí ìkanra. Ó fún àwọn àgbọ̀nrín lóúnjẹ, ó po tíì, ó lọ sí ṣáláńgá tó wà lẹ́yìnkùlé nínú òtútù yẹn, ó di oúnjẹ ẹ̀ sínú páálí, ó lọ síṣẹ́. Gbogbo ọ̀nà èéfín ló ń bú. Àtẹ̀gùn ń bí i nínú, òjò ń bí i nínú. Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ ó pàdé ọkùnrin tó ń pín mílíìkì, àwọn méjèèjì kí ara wọn bí ẹni tó jọ ń ṣiṣẹ́ òru. Bàbá Briggs, Ernest, iṣẹ́ pípín mílíìkì ló ṣe ní London, ẹ wá rí ibi tí ìkíni yẹn ti wá. Ìgbà tí Bàbá Kérésì délé ó dá tòlótòló ẹ̀ sun, ó wẹ̀ nínú omi gbígbóná, ó tú ẹ̀bùn ara ẹ̀, wọ́n ra táì tí ò wù ú fún un, ó kan sáárá sí ọtí, ó wọlé sùn.

Mo ti ṣiṣẹ́ òru Kérésì rí níbí, ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, torí owó ìlọ́po méjì, mo sì mọ ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń ṣe é lọ́wọ́lọ́wọ́, àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kí àwọn onílé tó jí. Kò sí ìwé Kérésì míì tí mo rí tó ya ojú èèyàn bẹ́ẹ̀ dáadáa bí eléyìí. Kò sí ẹ̀kọ́ kankan níbẹ̀, ọkùnrin kan lọ síṣẹ́, ó kanra, ó parí iṣẹ́, kò sì fo ilé kankan. Mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mi ò yọ nǹkan kan. Ó gba Kate Greenaway lọ́dún yẹn, àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún ayàwòrán ìwé ọmọdé nílùú ọba. Ẹ ra tuntun o, ẹ má ra àlòkù bíi tèmi, ẹni tó tà á fún mi lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí àbàwọ́n kankan lára ẹ̀, ìgbà tó dé ọmọ ẹnì kan ti fi bírò bu irùngbọ̀n sára àgbọ̀nrín méjèèjì.

Fíìmù tí wọ́n fi ṣe ní 1991 ò tó o. Mel Smith ṣe ohùn ẹ̀ dáadáa, kò sí ìjà níbẹ̀, àmọ́ wọ́n fi ìwé kejì kún un, èyí tí bàbá yẹn ti lọ fún ìsinmi sí Faransé, Scotland àti Las Vegas, apá Las Vegas yẹn gùn, ọtí àti tẹ́tẹ́ pọ̀ níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ síwájú fún àwọn ọmọ. Mẹ́fà.

The Snowman, gbogbo èèyàn ti mọ̀ ọ́n, torí náà mi ò ní pẹ́. Ìwé ẹ̀, ti ọmọ kan tó fi yìnyín mọ èèyàn, tó wá jí dìde lóru, jáde ní 1978, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Briggs ti fi ọdún méjì ṣe ìwé kan tó kún fún ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí, ó wá fẹ́ nǹkan tó mọ́, tó dákẹ́, pẹ́ńsù aláwọ̀ nìkan ló fi ya á. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù ẹ̀ ni pé Dianne Jackson tó darí ẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fọ pẹ́ńsù yẹn dànù, ẹ máa rí i tí àwọ̀ ń gbọ̀n rìrì lára ògiri bíi pé ẹni tó ń yà á ò tíì gbọ́wọ́ kúrò. Wọ́n gbé e jáde ní December 26, 1982, Channel 4 ò tíì pé oṣù méjì tó dá sílẹ̀ nígbà yẹn. Orin fífò yẹn, Walking in the Air tí Howard Blake ṣe, kì í ṣe Aled Jones ló fi ohùn kọ ọ́ nínú fíìmù o, Peter Auty ni, ọmọ kọ́yà St Paul's Cathedral, wọn ò tiẹ̀ kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀ nígbà yẹn, 1985 ni ti Aled Jones tó wá ta wàràwàrà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn tó ń jiyàn nínú ọkọ̀.

Kò sí Kérésì kankan nínú ìwé yẹn. Etí òkun Brighton ni ọmọ náà àti ọkùnrin oníyìnyín fò lọ, wọ́n wo omi, wọ́n padà. Àwọn tó ṣe fíìmù ló fi Bàbá Kérésì kún un, àti sikáàfù tó fún ọmọ náà. Mo gbà pé ó dùn, ijó yẹn dùn, àmọ́ ìwé yẹn ló jinlẹ̀ jù lójú tèmi torí kò fún ọmọ yẹn ní nǹkan kan tó lè fi tu ara ẹ̀ nínú, ilẹ̀ mọ́, ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti yọ́, ó parí. Briggs pàdánù bàbá àti ìyá ẹ̀ lọ́dún kan náà, 1971, ìyàwó ẹ̀ kú ní 1973. Ó mọ ohun tó ń yà. Ọmọkùnrin mi kékeré, nígbà tó kọ́kọ́ wò ó, kò sunkún, ó kàn gbé rìmóòtù fún mi pé, "Dádì, ẹ dá a padà sẹ́yìn, kó ṣì wà." Mo dá a padà. Mẹ́jọ, torí sikáàfù.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wo gbogbo ẹ̀ lálẹ́ kan, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú The Snowman kí àwọn ọmọ lè rí àkókò gbé e kúrò lọ́kàn, ẹ ka ìwé Bàbá Kérésì oníkanra fún wọn láàárín kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ wá fi Charlie Brown parí. Kò tó wákàtí méjì. Kò sì sídìí fún mọ́ọ̀gì, súwẹ́tà àti ìrọ̀rí tí wọ́n fi gbogbo wọn ṣe kiri ọjà. Igi Charlie Brown yẹn gan-an wà lórí àtẹ báyìí, ti rọ́bà, inú páálí ló ń bá wá, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù pupa kan ṣoṣo tó tẹ orí ẹ̀ ba. Ìyàwó mi ní ká ra ọ̀kan. A ṣì ń fa ọ̀rọ̀ yẹn lọ́wọ́.